Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Jókòó Sórí Fídíò

Ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú wa, ẹ̀yin òbí àti gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí, kò sí ẹni tí kò tí ì wo fídíò wòlímọ̀ tàbí ti ìgbéyàwó rí nínú wa. Orúkọ ọmọ á yọ lójú àwòrán, òdòdó á fò kọjá, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá á hàn nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé kámẹ́rà ló ya gbogbo rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n so pọ̀.

Fídíò fúnra rẹ̀ jẹ́ àwòrán tó dúró gbọin tí wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn, 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní ìlànà tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ n'Ibàdàn ní 1959, kò tí ì sí kọ̀ǹpútà nínú iṣẹ́ yìí. Lóde òní, kọ̀ǹpútà, àní fóònù pàápàá, á tẹ́ lẹ́tà lé fídíò lórí, bí ìgbà tí a gbé gíláàsì tí a kọ nǹkan sí lé orí fọ́tò. Ibi tí lẹ́tà kò bá sí, a ó rí fídíò gba ibẹ̀.

Wọ́n tún lè ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn ènìyàn, kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo àwọ̀ ewé náà rẹ́, kí wọ́n fi àwòrán mìíràn dípò. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe aṣọ pupa bí ilẹ̀ Òkìtìpupa? Nítorí pé àwọ̀ pupa wà lára ènìyàn. Ojú rẹ̀ ì bá bá aṣọ lọ. Ẹni tó bá sì wọ bùbá aláwọ̀ ewé wá síbẹ̀, orí àti ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni yóò kù! Báyìí ni wọ́n ṣe lè gbé ẹni tí kò kúrò n'Íkálẹ̀ rí sí iwájú Káábà. Fídíò nìkan kì í ṣe ẹ̀rí.

Ibi tí àsopọ̀ yìí ti wúlò jù lójú tiwa ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀. Nínú sinimá Ṣaworoidẹ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1999, Yorùbá ni wọ́n ń sọ, èdè Òyìnbó ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Bí bàbá àgbà bá ń pìtàn ní Ìkálẹ̀ gidi, ará Ọ̀yọ́ pàápàá lè fẹ́ irú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ti ń kọ Lárúbáwá, lẹ́tà rẹ̀ sì ń so mọ́ra; báà ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò rí bíi ti ìparí. Ètò kọ̀ǹpútà tí kò mọ èyí á tú wọn ká, á sì tò wọ́n láti òsì. Bó bá jẹ́ áyà Àlùkùránì ńkọ́? Yorùbá náà kò bọ́. Kọ̀ǹpútà kò ní àmì kan ṣoṣo fún ẹ́. Ohùn ni a ń gbé lé orí ẹ. Bí fọ́ǹtì kò bá gbà á, ohùn á yẹ̀ kúrò, tàbí kí àpótí òfìfo bọ́ síbẹ̀.

Ọ̀dọ́ tó ń ṣe fídíò lè má mọ̀, torí kò lè kà á. Ọmọ ilé-kéwú ló máa rí i. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì í, kí ó ka ọ̀rọ̀ náà kí wọ́n tó gbé fídíò jáde. Bí ètò fídíò rẹ̀ kò bá gba Lárúbáwá, kí wọ́n kọ ọ́ dáadáa nínú ètò ìkọ̀wé, kí wọ́n sọ ọ́ di àwòrán PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ gaara, kí wọ́n wá gbé e lé fídíò.