Kí Ni A Ń Pè Ní Àgbò Pọ́ńbélé?

Obajana, níhà Lọ́kọ́jà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, wà níbi tí igbó àti ọ̀dàn ti pàdé, ìdí nìyí tí oríṣi àgùntàn méjì fi bá ilẹ̀ agbègbè náà mu: àgùntàn kúkúrú ilẹ̀ igbó, tí ó lè dúdú, kí ó funfun tàbí kí ó jẹ́ onítótòtó, àti Yankasa tí ó ti Òkè Ọya sọ̀kalẹ̀ wá. Àwọn méjèèjì yìí, pẹ̀lú Uda àti Balami, ni ìran mẹ́rin tí wọ́n mọ̀ mọ Nàìjíríà jù. Balami, tí ilé rẹ̀ jẹ́ Borno, ni ó tóbi jù nínú wọn, ara rẹ̀ funfun, etí rẹ̀ sì gùn wálẹ̀. Uda ní tirẹ̀ dúdú tàbí kí ó pupa níwájú, ẹ̀yìn rẹ̀ sì funfun, àfi bí ẹni pé aṣọ méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ rán fún un.

Àgùntàn pọ́ńbélé ni èyí tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti inú ìran kan náà wá, tí àwọn tó bí wọn náà rí bẹ́ẹ̀, débi pé ẹni tó ń sìn ín lè sọ bí ọmọ yóò ṣe rí kí wọ́n tó bí i. Ojú lásán kì í fi èyí hàn lọ́jà. Àgbò àbùlà tí Balami gun abo kúkúrú bí sábà máa ń ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì dára fún ẹran Iléyá. Ṣùgbọ́n ìdajì ló gbà lọ́dọ̀ òbí kọ̀ọ̀kan, nígbà tí òun náà bá sì bímọ, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí ọmọ yóò mú níbẹ̀, nítorí náà ni ọmọ kan fi lè sígbọnlẹ̀ tí èkejì yóò sì rún. Bí wọ́n bá ń fi àgbò pọ́ńbélé gun àwọn abo àbùlà léraléra, ìran kejì yóò di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ìkẹta ìdá méje nínú mẹ́jọ. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Iṣẹ́ yìí kò ṣeé ṣe níbi tí àgùntàn ti ń dá jẹ kiri, tí ó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìnkùlé, tí ó sì ń na ara sójú títì oníkọnkéré tó lọ sí Kabba, nítorí olówó abo kì í mọ àgbò tó gun ẹran òun. Ọgbà ni ìpìlẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ sì tẹ̀ lé e: nọ́ńbà etí, ọjọ́ ìbí, orúkọ bàbá àti ìyá. Bí abo kò bá lóyún, nǹkan bí ọjọ́ 17 síra ni ó ń wá akọ, oyún rẹ̀ sì ń tó oṣù 5. Àgbò kan tó dàgbà tó abo 20 sí 25, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kúrò nínú agbo kí àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ tó bàlágà, kí bàbá má baà gun ọmọ.

Ibi tí títóbi Balami ti ń tan ènìyàn jẹ ni ọ̀rọ̀ àìsàn. Àgùntàn kúkúrú lè fara da kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, Balami kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀. Ní ti PPR, tí àwọn olùsìn ń pè ní kata, tí ó ń mú kí ẹran máa yàgbẹ́ gbuuru, kí imú rẹ̀ sì máa ṣomi, abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ilé ìwádìí NVRI ní Vom lẹ́bàá Jos ni ó sì ń ṣe é.

Ẹni tó bá ń retí òwú irun yóò pẹ́ níbẹ̀, torí irun àgùntàn ìran mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí le, ó sì mọ níwọ̀n bíi ti ewúrẹ́, kò sì ṣeé ran. Ní Macina, ní orílẹ̀-èdè Mali, ni àgùntàn oníòwú ti wà, òwú rẹ̀ ni àwọn ahunṣọ Fúlàní fi ń hun kúbùsù tó nípọn tí wọ́n ń pè ní kaasa.

Ní Obajana, ó jọ pé Yankasa ni ó yẹ kí olùsìn tó fẹ́ ta àgbò fún irú fọkàn sí. Dúdú gbọ́dọ̀ yí ojú, etí àti ẹnu rẹ̀ ká, ìyókù ara sì funfun. Àgbò rẹ̀ máa ń níwo, irun ọrùn rẹ̀ sì máa ń gùn. Kí olùrà la ẹnu rẹ̀: iwájú òkè kò ní eyín rárá, ìsàlẹ̀ ni kí ó wò, níbi tí eyín ńlá méjì ti ń fi hàn pé ẹran ti lé lọ́dún kan, tí mẹ́jọ sì ń fi hàn pé ó ti tó bí ọdún mẹ́rin. Kí ó fọwọ́ kan ẹpọ̀n méjèèjì bóyá wọ́n dọ́gba, tí wọn kò sì le gbandi. Lẹ́yìn náà, bí olówó ẹran kò bá ní ìwé, kí olùrà ní kí ó mú ìyá àgbò náà wá kí òun rí i.