Ìdí Tí Àwọn Iyọ̀ Kan Fi Ń Fa Ọ̀rinrin Inú Afẹ́fẹ́

Bí a bá ṣí àwo iyọ̀ sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù, kì í pẹ́ tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé iyọ̀ ń fa omi. Àlàyé náà kò burú, ṣùgbọ́n kò tó. Kò sọ ìdí tí iyọ̀ kan náà fi ń gbẹ nígbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí tí àwọn iyọ̀ mìíràn kì í fi í tètè ṣomi. Kí ó yé wa pé iyọ̀ tí a ń sọ níhìn-ín kò mọ sí iyọ̀ ọbẹ̀. Kán-ún wà nínú rẹ̀, àti ohun tí ó ń ṣẹ́ kù nígbà tí a bá se omi eérú gbẹ.

Oru omi inú afẹ́fẹ́ a máa bà lé ara èérún iyọ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi tín-ín-rín yìí yóò yọ́ iyọ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, yóò sì di omi iyọ̀ tí kò lè gba iyọ̀ mìíràn mọ́. Omi lásán a máa gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́; omi iyọ̀ náà ń gbẹ, ṣùgbọ́n ó lọ́ra, nítorí pé iyọ̀ di omi náà mú. Bí omi tí ń ti inú afẹ́fẹ́ wọlé bá ju èyí tí ń jáde lọ, iyọ̀ náà yóò yòrò títí yóò fi domi tán. Bí èyí tí ń jáde bá pọ̀ jù, yóò gbẹ.

Nítorí náà, iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀. Bí a bá pe gbogbo ọ̀rinrin tí afẹ́fẹ́ lè gbà ní 100, ààlà iyọ̀ ọbẹ̀, ìyẹn sodium chloride, tó 75 ní ìwọ̀n ìgbóná 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní etí òkun wa nígbà òjò, ọ̀rinrin sábà máa ń kọjá 80. Ṣùgbọ́n magnesium chloride, tí ó máa ń ṣẹ́ kù sínú iyọ̀ òkun tí a kò fọ̀ mọ́ dáadáa, kò ní ààlà ju nǹkan bí 33 lọ. Òun ni ó ń mú kí iyọ̀ rin nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì tutù tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Áyọ́ọ̀nù magnesium kéré, agbára iná tí ó rù sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti sodium. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń so mólékù omi mẹ́fà mọ́ra pinpin. Ìbá rọrùn bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo kán-ún àti iyọ̀ eérú. Sodium carbonate àti bicarbonate ni ó pọ̀ jù nínú kán-ún. Potassium carbonate ni ó pọ̀ jù nínú iyọ̀ eérú èèpo kòkó tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Áyọ́ọ̀nù potassium tóbi ju ti sodium lọ, nítorí náà kán-ún ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣomi. Òdìkejì ni a ń rí: kán-ún wà lórí àtẹ ní gbangba ọjà, iyọ̀ eérú kò sì ṣeé fi sílẹ̀ láìbò.

Ní èrò tèmi, bí iyọ̀ ṣe ń yòrò tó ni a máa ń gbójú fò. Ní ìwọ̀n ìgbóná 20, 100 gíráàmù omi kò lè yọ́ ju nǹkan bí 22 gíráàmù sodium carbonate lọ, ṣùgbọ́n ó lè yọ́ nǹkan bí 110 gíráàmù potassium carbonate. Omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ tó báyìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ìdí nìyí tí ààlà rẹ̀ fi rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 43.

Ẹ̀rí mìíràn wà. Ní 1911, ilé-iṣẹ́ Morton Salt ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í da magnesium carbonate mọ́ iyọ̀ wọn kí ó má baà dì nígbà òjò. Magnesium kan náà ni, áyọ́ọ̀nù kékeré kan náà. Ṣùgbọ́n èyí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò nínú omi, nítorí náà ó kàn bo èérún iyọ̀ lára ni, kò sì di omi iyọ̀ kankan.