Pèrègún: Igi Ààlà Tó Di Ẹwà Àgbàlá

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé, òdòdó ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá: èyí tó pupa, èyí tó ní àwọ̀ àlùkò, èyí tí yóò dùn ún wò lójú àlejò. Òdòdó dára, ṣùgbọ́n ó ní àsìkò. Bí ọyẹ́ bá dé tí ó rẹ̀ dànù, ìrísí igi nìkan ni yóò kù fún ojú láti wò, igi tí kò bá sì ní ìrísí kan pàtó, pàǹtí ló máa jọ. Nínú àwọn igi ilẹ̀ wa tí ìrísí wọn dá dúró láìretí òdòdó, pèrègún ni mo fi ṣe aṣáájú.

Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Igi rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó nàró, àwọ̀ eérú ló ní, àpá àwọn ewé tó ti já sì yí i po bí òrùka. Kò ní ẹ̀ka wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ tó ń dí ojú lọ́wọ́. Orí igi ni gbogbo ewé kó ara wọn jọ sí. Wọ́n yọ yíká, wọ́n sì tẹ̀ wá sísàlẹ̀ ní ṣóńṣó. Ewé náà jọ ti àgbàdo, àmọ́ ó nípọn jù ú lọ, ó ń dán, ó sì lè gùn tó mítà kan. Nínú igbó, pèrègún lè ga tó mítà 15, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú àgbàlá kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá tanná, òdòdó funfun kéékèèké ló máa ń tò sára ọ̀pá gígùn kan. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó náà máa ń là, òórùn dídùn rẹ̀ a sì gba àgbàlá kan. Dracaena fragrans ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko fún un.

Ohun kan wà lára pèrègún tí ọ̀pẹ kò ní. Orí kan ṣoṣo ni ọ̀pẹ ń gbé dàgbà. Bí a bá bẹ́ ẹ, ó parí. Bí a bá bẹ́ pèrègún lórí, orí méjì tàbí mẹ́ta á yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí a gé. Orí tí a gé náà kò ṣòfò, nítorí pé bí a bá kì í bọ ilẹ̀ tútù, yóò ta gbòǹgbò. Kódà ọ̀pá lásán tí kò ní ewé kankan yóò rúwé bí a bá rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò. Ẹni tó mọ àdá lò lè tipa bẹ́ẹ̀ fún un ní ìrísí tó bá wù ú.

Ànímọ́ yìí gan-an ló sọ ọ́ di igi ààlà. Òkúta ṣeé yí kúrò, èèkàn sì jẹ́ oúnjẹ ikán. Ṣùgbọ́n pèrègún tí olóko méjì jọ gbìn sí ìpẹ̀kun ilẹ̀ wọn kò ṣeé sún láìjẹ́ pé àṣírí tú: èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rì yóò kéré, èyí tó ti pẹ́ yóò ti sanra. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í sọ ọ́ di ìhòòhò, nítorí náà ojú ń rí i láti òkèèrè láàárín koríko gbígbẹ. Bí ọdẹ bá bá pèrègún tó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́ nínú igbó, ó mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ti débẹ̀ rí.

Kò yani lẹ́nu pé igi bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní ojúbọ, pàápàá ti Ògún, tí wọ́n sì ń fi ewé rẹ̀ tí kì í gbẹ wúre pé kí ayé ẹni máa tutù. Àwọn ènìyàn wa tí òwò ẹrú gbé dé Brazil kò gbàgbé rẹ̀: peregum ni wọ́n ń pè é nínú Candomblé, ewé Ògún ni wọ́n sì kà á sí títí dòní. Àwọn Chagga tó ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè Kilimanjaro ní Tanzania náà ń fi í pààlà. Ẹni tó bá ṣẹ ẹlòmíràn láàárín wọn a mú ewé rẹ̀ lọ tọrọ àforíjì.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, inú ìkòkò ni ó ń gbé, ní pálọ̀ àti ní ọ́fíìsì. Èyí tí wọ́n ń pè ní Massangeana, tó ní ìlà ìyeyè láàárín ewé, gbajúmọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pá mẹ́ta tí gígùn wọn kò dọ́gba ni wọ́n sábà máa ń gbìn pọ̀, kí ewé lè wà ní ìpele mẹ́ta.

Bí a bá fẹ́ gbìn ín síwájú ilé, àyè ni kí a kọ́kọ́ fún un. Ẹni tó bá to igi mẹ́wàá yí i ká ti fi í ṣòfò. Ẹ gbé e síwájú ògiri tí a kùn ní ọ̀dà kan ṣoṣo, kí ojú lè rí bí ewé kọ̀ọ̀kan ṣe tẹ̀. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá tàn sí i, òjìji rẹ̀ á di ọ̀ṣọ́ kejì lára ògiri. Ẹyọ kan tó. Mẹ́ta náà dára bí gíga wọn bá yàtọ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbin ọ̀já-ìkookò, tí ewé líle rẹ̀ nàró ṣánṣán láti inú ilẹ̀. Ẹbí pèrègún ni: inú ẹ̀yà Dracaena kan náà ni àwọn onímọ̀ ewéko ka àwọn méjèèjì sí báyìí. Akòko bá ẹnu géètì mu, nítorí ó máa ń ga láìgba àyè púpọ̀. Ṣùgbọ́n ewé oyè ni. Kí onílé má bínú bí àwọn ará àdúgbò bá ń wá já a.

Oòrùn ọ̀sán gangan lè jó ewé pèrègún, pàápàá ti oní-ìlà, nítorí náà ibi tí òjìji díẹ̀ ń dé ló dára fún un. Omi àpọ̀jù ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ rà: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó bomi rin ín. Ẹni tó ń sin ajá tàbí ológbò gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn, nítorí ewé náà máa ń mú wọn bì.

Àwọn àgbà gbìn ín kí ojú má baà ṣi ààlà mọ̀. Ìrísí kan náà ló ń fún àgbàlá wa ní ibi tí ojú yóò dúró sí. Kò sì di dandan kí ó ná wa lówó. Bí aládùúgbò bá ní i, ẹ tọrọ ọ̀pá kan tó gùn tó apá, ẹ rì í nígbà àkọ́rọ̀ òjò, kí ẹ má sì dorí rẹ̀ kodò. Ìyókù di ọwọ́ pèrègún.