Òfin àti Àṣẹ nínú Gírámà Èdè Jàpáànì

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni pé ọ̀nà tí èdè ń gbà gbé òfin kalẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ọ̀nà tí ó ń gbà pàṣẹ lójúkojú. Èdè Jàpáànì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe èdè náà ní ìrísí àṣẹ tirẹ̀. Láti ara “tomaru”, ‘dúró’, ni a ti rí “tomare”, èyí tí wọ́n kọ sára àmì pupa onígun mẹ́ta tí ń dá ọkọ̀ dúró ní ojú títì. Bí a bá fi “na” parí ọ̀rọ̀-ìṣe, ó di ìkàléèwọ̀: “hairu na”, ‘má wọlé’. Ohùn ìwọ̀nyí le. Ọmọdé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sí àgbà. “Nasai” ni ìyá sábà ń lò fún ọmọ rẹ̀: “tabenasai”, ‘jẹun’.

Ṣùgbọ́n nínú ìwé òfin ilé-ìwé àti lára pátákó ìkìlọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ “koto”, ‘ọ̀ràn’, ni ó sábà ń parí gbólóhùn. “Kutsu o nugu koto”: bí a bá tú u ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, ‘ọ̀ràn bàtà bíbọ́’ ni; ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí olúkúlùkù bọ́ bàtà. Kò dárúkọ ẹni tí ó pàṣẹ, kò dárúkọ ẹni tí a pa á fún, síbẹ̀ kò fi àyè àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwa náà ń lo “kí” báyìí: ‘Kí akẹ́kọ̀ọ́ dé ní aago méje.’ Ṣùgbọ́n “kí” tiwa kò lè ṣe aláìní olùwà.

Níbi tí àwa ti ní “gbọdọ̀”, wọn a lo gbólóhùn oní-‘bí’. “Ikanakereba naranai”, ‘bí a kò bá lọ, kò ní gún’, ni ‘a gbọdọ̀ lọ’. “Itte wa naranai”, ‘bí a bá lọ, kò ní gún’, ni ‘a kò gbọdọ̀ lọ’. Irú ìhun méjèèjì wà nínú abala 12 Òfin-Ìpìlẹ̀ Jàpáànì, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947: ará ìlú gbọdọ̀ máa sapá láti pa òmìnira wọn mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ ṣì í lò.

Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó ń wá ìrísí àṣẹ nìkan yóò sọ òfin di ìmọ̀ràn. Líle ohùn kọ́ ni líle òfin.