Ǹjẹ́ Ìpara Ń Fa Jẹjẹrẹ Awọ? Bí A Ṣe Lè Béèrè É Kí A Tó Rí Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti gbọ́ ọ pé nínú 100 obìnrin Nàìjíríà, 77 ni ó ń fi ìpara bóra. A ti gbọ́ ọ lórí rédíò, a sì ti gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pàápàá. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n kà? Ìwádìí kan tí Adebajo tẹ̀ jáde ní 2002 rí irú iye yìí gan-an, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò 450 ní Èkó ni ó bi léèrè. Oníṣòwò Èkó kì í ṣe obìnrin àgbẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ní Jos.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́bìnrin ìjọ wa ní Àgọ́ Palace, tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, mú àkọlé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wá pé kí a gbàdúrà sí i. Ohun tí ó kọ ni pé, "Ǹjẹ́ ìpara abóra ń fa jẹjẹrẹ awọ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin?" Olùkọ́ rẹ̀ ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn ún púpọ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, tí ó ti ń fi ìpara bóra láti ìgbà ọmọge, ní egbò kan lọ́rùn tí ó kọ̀ tí kò jinná. A gbàdúrà, lẹ́yìn náà a jókòó tì í.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Jẹjẹrẹ awọ kò wọ́pọ̀ láàrin àwa aláwọ̀ dúdú, nítorí dúdú ara wa ni agboòrùn wa. Níbi tí a bá ti rí i lára ọ̀dọ́, àwọn àfín ni ó ń bá jù. Ní 1975, Dókítà A. N. Okoro kọ̀wé pé nínú àwọn àfín tí òun yẹ̀ wò ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tí ó ti kọjá ọmọ 20 ọdún tí kò ní jẹjẹrẹ tàbí àmì tí í máa ń ṣáájú rẹ̀. Ó tún máa ń yọ lójú àpá iná tàbí egbò àtọdúnmọ́dún, ó sì máa ń yọ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Bí ẹni tí ń ṣe ìwádìí bá ka gbogbo wọn pọ̀, ìpara yóò jẹ̀bi ohun tí oòrùn ṣe.

Ìpara wo ni pẹ̀lú? Hydroquinone a máa dí ara lọ́wọ́ láti ṣe àwọ̀ dúdú rẹ̀. NAFDAC kò gbà kí ó ju ìdá 2 nínú 100 lọ. Steroid a máa sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Mercury a máa ba kíndìnrín jẹ́. Èyí tí wọ́n sì ń pò mọ́ra nínú ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ìwé lára, ta ni ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀?

Àwọn dókítà ní Dakar, ní Senegal, ti kọ̀wé láti 2010 nípa àwọn obìnrin tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún bóra tí jẹjẹrẹ sì yọ sí wọn lára. Ó yẹ kí ẹ̀rù bà wá. Síbẹ̀, àwọn mélòó ni wọ́n bóra tí kò ṣe? Ẹ rántí Dáníẹ́lì orí kìn-ín-ní. Kì í ṣe ojú àwọn ọmọ Hébérù mẹ́rin nìkan ni olùtọ́jú wọn wò lẹ́yìn ọjọ́ 10. Ó fi wọ́n wé àwọn tí ń jẹ oúnjẹ ọba. Láìsí ìfiwéra, kò sí ìdáhùn.

Àmọ́ jẹjẹrẹ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ 10. Ẹni tí yóò wádìí rẹ̀ dáadáa gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn ńlá bíi LUTH: kí ó wá àwọn obìnrin tí ó ní jẹjẹrẹ awọ tí wọn kì í ṣe àfín, kí ó wá ẹgbẹ́ wọn tí kò ní in, kí ó sì bi ìhà méjèèjì ní ohun tí wọ́n ti ń fi para láti ẹ̀yìn wá. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, ó ju ti akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ.

A gbà á nímọ̀ràn pé kí ó má ṣe béèrè nínú ìjọ wa. Àwa pásítọ̀ ti bá ìbóra wí títí; arábìnrin tí ó bá rò pé ìyàwó pásítọ̀ yóò gbọ́ kò ní sọ òtítọ́. Kí ó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìwádìí lára ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí òfin ìwádìí ìlera ti 2007 ṣe là á sílẹ̀, kí ó má sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, a kò dúró de ìwádìí kankan. Egbò tí ó bá ju oṣù kan lọ tí kò jinná, tàbí àmì dúdú tí ń tóbi sí i ní àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí lábẹ́ èékánná, dókítà ni kí ó rí i. Ilé-ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìsọlọ̀ kò jìnnà sí wa. Ìyá náà ti lọ, wọ́n sì ti gé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.

Ìbéèrè tí olùkọ́ wá fọwọ́ sí nìyí: "Láàrin àwọn obìnrin ọmọ ọdún 18 sí 35 tí ń ra ìpara ní Àgọ́ Palace Way, mélòó ni ó ti lo ìpara abóra fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ǹjẹ́ àwọn wọ̀nyí sì ní egbò tí kò jinná ju àwọn tí kò lò ó rí lọ?" Bí ìwé àṣẹ bá ti jáde, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù.