Iná ẹ̀ẹ̀rùn kò jẹ́ kí igbó Ẹ̀gbá gbérí: ohun tí Olókeméjì fi hàn

Àwọn baba wa ní ìgbà kékeré là á ti ṣá ìrókò, bó bá dàgbà tán, ẹbọ ní ń gbà. Ṣùgbọ́n lóde òní, ìrókò tó dàgbà débi tí yóò gbẹbọ kò pọ̀ mọ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn onípákó ti gé àwọn ńlá, iná ẹ̀ẹ̀rùn sì ń pa àwọn kékeré.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iná ń ṣe, kó lọ sí Olókeméjì, igbó ọba tó wà lẹ́bàá odò Ògùn, láàárín Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn. Ọdún 1899 ni wọ́n yà á sọ́tọ̀, ó sì wà lára àwọn igbó ọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ igbó wọn ilẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Wọ́n ń sun ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Wọ́n ń sun ìkejì ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ. Wọn kò jẹ́ kí iná dé ìkẹta rárá.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìyàtọ̀ hàn kedere. Ibi tí iná kò dé ti ń di igbó, igi ti borí koríko. Èyí tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ṣì jẹ́ ọ̀dàn. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàárín méjèèjì.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni, nítorí gbígbìn nìkan kò lè dá gbogbo igi wa padà. Àdán ló ń gbé irúgbìn ìrókò kiri. Bí a bá gbìn ín pọ̀ sójú kan, kòkòrò kan á bò ó, ewé rẹ̀ á wú, ẹ̀ka rẹ̀ á sì kú. Tíìkì, tó wá láti Íńdíà àti Burma, rọrùn láti gbìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti wà ní Olókeméjì láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900. Ó dára fún òpó iná àti òrùlé, ikán kì í sì í tètè jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ewé ńláńlá rẹ̀ tó ń já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn ń fún iná lágbára.

Apá àti ọ̀gànwó náà ń dínkù. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn CITES fẹnu kò ní Panama pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó pákó wọn kọjá ẹnubodè láìgba ìwé àṣẹ.

Ọwọ́ àgbẹ̀ àti ọdẹ ni èyí tó kù wà. Bí ẹ bá ń ro oko, ẹ dá ọmọ ìrókò, apá àti arère sí. Ẹ ro etí oko yíká kí ọyẹ́ tó dé, kí iná má baà ráyè kọjá. Bó bá di dandan kí ẹ sun koríko, ẹ tètè sun ún, ẹ má jẹ́ kó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀yà kan tí a tìtorí rẹ̀ sun igbó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí àwọn ọmọ wa ìbá rí là.