Kí Ló Ń Ṣe Ọmọ Yìí Gan-an?

Ìwé ìlàlóye fún òbí, ìyá àgbà àti olùkọ́ ní Ajue, Ore àti gbogbo agbègbè Odigbo

Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta láìsọ̀rọ̀ ládùúgbò wa, kì í pẹ́ tí kálukú fi máa ń rí àlàyé ṣe. Àwọn kan á ní emèrè ni. Àwọn kan á ní okùn ló di ahọ́n rẹ̀ mú. Ìyá bàbá á ní bí bàbá rẹ̀ náà ṣe pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ nìyẹn, kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Tó bá dé iléèwé, olùkọ́ á ní olórí kunkun ni, pàṣán á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nínú gbogbo rẹ̀, kò tíì sẹ́ni tó yẹ etí ọmọ náà wò.

Ohun tó yàtọ̀ síra pátápátá lè máa fara hàn bákan náà lára ọmọ, ìdí nìyẹn tí a fi kọ ìwé yìí. Ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ràn kì í dáhùn tí a bá pè é. Ọmọ tó ní ọ́tísìmù, ìyẹn ọmọ tí ọ̀nà tí ọpọlọ rẹ̀ gbà dàgbà mú kó ṣòro fún un láti bá èèyàn lò, ń gbọ́, síbẹ̀ òun náà lè má dáhùn. Irú wárápá kan wà tí kì í gbé ọmọ ṣánlẹ̀: ọmọ á kàn tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, olùkọ́ á ní ọkàn rẹ̀ kò sí nínú kíláàsì. Ọmọ tí kò rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó á máa ṣeré kiri nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ̀wé. Ìtọ́jú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò jọra rárá. Ọ̀kan nílò ẹ̀rọ tí a ń fi sétí, èkejì nílò ẹni tí yóò fi sùúrù kọ́ ọ bí a ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ẹ̀kẹta nílò oògùn ojoojúmọ́, ẹ̀kẹrin nílò awò ojú. Bí ẹ bá fi ìtọ́jú ọ̀kan wo òmíràn, àkókò ọmọ ló ń ṣòfò, nígbà èwe ni ọpọlọ sì máa ń gba èdè sára jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ etí wò

Ọmọ yòówù tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá pẹ́, àyẹ̀wò etí tọ́ sí i, kódà kó dá yín lójú pé ó ń gbọ́. Àwọn ìyá máa ń sọ pé, "Nọ́ọ̀sì, ó ń gbọ́ o. Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wẹ̀yìn." Ó lè jẹ́ òjìji yín ló rí lára ògiri. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn ọwọ́ yín ló kàn án lọ́rùn. Bí ọmọrí ìkòkò bá já bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n lára láìjẹ́ pé etí gbọ́ nǹkan kan. Ó sì lè máa gbọ́ ìlù àti ariwo mọ́tò dáadáa, kó má gbọ́ ìró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi "s" àti "f", débi pé kò mọ ìyàtọ̀ nínú "sá" àti "fá". Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ á máa gbọ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì máa pè é ní aláìgbọràn.

Àyẹ̀wò tó dájú wà lọ́wọ́ onímọ̀ etí. Ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ bò ó létí, wọ́n á máa gbé ìró kéékèèké wọlé, wọ́n á ní kó ju bíríkì ìṣeré kan sínú ike nígbàkigbà tó bá gbọ́. Ọmọ ọwọ́, wọ́n á dúró dìgbà tó bá sùn, wọ́n á lẹ wáyà tín-ín-rín mọ́ orí rẹ̀, ẹ̀rọ á sì fi hàn bóyá ìró ń dé ọpọlọ. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kì í dun ọmọ.

Nípa okùn ahọ́n: ọmọ tí tirẹ̀ kúrú máa ń sọ̀rọ̀, bí àwọn ìró kan kò bá tilẹ̀ já geere. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ kan ahọ́n ọmọ yín nílé nítorí pé kò sọ̀rọ̀.

Gbígbọ́ èdè púpọ̀ kì í sì í sọ ọmọ di odi. Ore jẹ́ oríta, gbogbo ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀. Ọmọ lè máa gbọ́ Oǹdó lẹ́nu ìyá àgbà, Ìkálẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Ìgbò lẹ́nu ará ilé, Gẹ̀ẹ́sì níléèwé. Ẹ ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń sọ nínú gbogbo èdè náà pọ̀.

Ìgbà wo ló yẹ kẹ́ ẹ wá?

Ọmọ oṣù méjì yẹ kó máa rẹ́rìn-ín sí yín. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹ kó lè dá jókòó. Nígbà tó bá fi pé oṣù méjìdínlógún, ó yẹ kó máa rìn, kó máa nawọ́ sí ohun tó fẹ́ kẹ́ ẹ rí, kó sì ti ní ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan. Ọmọ ọdún méjì yẹ kó lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, bíi "gbé mi" tàbí "omi dà". Àwọn ọmọ kò dọ́gba, bí ọmọ bá fi díẹ̀ rẹ̀yìn, kò túmọ̀ sí pé àrùn ni, ṣùgbọ́n ẹ wá. Èyí tí kò gbọdọ̀ di ọ̀la ni ti ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ti ń rìn tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ tàbí tó dúró.

Ohun tí dókítà máa bi yín

Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a fi ń mọ ọ́tísìmù. Ẹnu òbí àti ohun tí dókítà bá fojú rí lára ọmọ ni iṣẹ́ náà dúró lé, nítorí náà ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́. Ṣé ó ké nígbà tí ẹ bí i? Ṣé ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́? Ibà pọ́njú ọmọ tuntun tí wọn kò tètè tọ́jú lè ba etí àti ọpọlọ jẹ́. Oòrùn àárọ̀ àti omi ìbẹ́pẹ kò tó o; iná àrà ọ̀tọ̀ ilé-ìwòsàn ló ń wò ó. Ní ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọkùnrin márùn-ún ni wọ́n bí pẹ̀lú irú ẹ̀jẹ̀ kan tí kò gba kánfọ̀, ìyẹn hóró funfun tí a ń fi sáàárín aṣọ. Bí wọ́n bá wọ aṣọ tí kánfọ̀ ti wà nínú rẹ̀ fún un, ibà pọ́njú náà lè le gan-an. Bí ẹ bá ti lò ó, ẹ sọ. A kò ní bá yín jà.

Gìrì ńkọ́? Kí ni wọ́n fún un mu? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn ti kọ̀wé pé àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, efinrin àti aáyù ṣe máa ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ jẹ́ ju gìrì fúnra rẹ̀ lọ.

Bí ọmọ bá ń ṣe ohun tí kò yé yín, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ ní fídíò. Fídíò ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ́ kí dókítà rí ohun tí ọmọ kì í ṣe níwájú àlejò. Ẹ bẹ olùkọ́ rẹ̀ kó kọ ohun tó ń rí sínú ìwé, nítorí ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ níléèwé nìkan, tó fara balẹ̀ nílé, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lè yàtọ̀ sí ti èyí tí kì í jókòó níbikíbi. Ebi, àìsùn, lílù àti ọ̀fọ̀ náà máa ń yí ìwà ọmọ padà.

Ibi tí ẹ máa gbà

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ yín, kí wọ́n kọ lẹ́tà fún yín sí ilé-ìwòsàn ìjọba. Ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UNIMED wà ní Oǹdó. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ibẹ̀ lọ, UCH Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún ìlera ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ti Yaba ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé ní Oshodi. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ọmọ fìrí tó ní "á sọ̀rọ̀ tó bá yá", ẹ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi mọ̀? Kí ló tún lè jẹ́?" Ẹ̀tọ́ yín ni láti lọ gbọ́ tẹnu dókítà mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra fún oògùn tí wọ́n ní ó ń la ọpọlọ. Kò sí oògùn tó ń wo ọ́tísìmù kúrò, kì í sì í ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ló ń fà á. Ìwé tí dókítà kan tó ń jẹ́ Andrew Wakefield kọ ní 1998 ló dá ẹ̀rù yẹn sílẹ̀. Ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tó gbé e jáde fagi lé e ní 2010, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò lára àwọn dókítà ní Ìlú Ọba. Ẹ máa gbàdúrà lọ, àwa náà ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n de ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n nà án, tàbí kí wọ́n febi pa á.

Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọmọ ní ìpèníjà, ẹ gba lẹ́tà dókítà, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 fún un ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Bí ọmọ kan bá ń sọ sí yín lọ́kàn bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá ta kòkó tán. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání, kí ẹ gbé e wá sí ilé ìlera lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ti ń rí fún nọ́ọ̀sì tí ẹ bá bá lẹ́nu iṣẹ́.